Ewé Tí Kòkòrò Kò Fẹnu Kàn

Bí egbò bá kọ̀ tí kò fẹ́ jiná ládùúgbò wọn ní Ọ̀kà, ọ̀dọ̀ Bàbá Zacchaeus ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Àgbẹ̀ ni, alàgbà ìjọ sì ni, kì í ṣe oníṣègùn. Ewé kan ṣoṣo ló ní, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti kọ́ ìlò rẹ̀: ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. Ewé náà kò kúkú ṣe òṣèlú ní tirẹ̀. Ẹ̀bá oko gbogbo ló ń hù sí. Bí àdá bá bu àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀, Bàbá a fọwọ́ ra ewé náà, a fún oje rẹ̀ sójú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì dá. Orúkọ rere tó rí nídìí rẹ̀ tó o, kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà ló ṣe dùn ún wọra nígbà tí dókítà kan ní Ìkàrẹ́ sọ fún Safinat, aládùúgbò rẹ̀, pé kó yé fi ewé sójú egbò tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Safinat ní ìtọ̀ ṣúgà, ilé ìwòsàn ló sì ń wẹ egbò náà fún un, tí wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́. "Àwọn ọmọ àná," ni Bàbá wí. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bísọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìkàrẹ́, ó ní kó lọ yẹ ewé náà wò, kí ayé lè mọ ẹni tó ń purọ́.

Bísọ́lá gbà. "Ṣùgbọ́n ewé tí ẹ máa ń lò gan-an ni kí ẹ já fún mi o, Bàbá."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ewé tí Bàbá máa ń lò wà lẹ́yìn balùwẹ̀ rẹ̀, kòkòrò sì ti dá a lu bí ajere. Ọmọlúàbí wo ló ń gbé irú èyí lọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé? Ẹni tó fẹ́ fi iṣu ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, ṣé èyí tí òkété ti jẹ ni yóò dì? Bàbá rìn títí dé ẹ̀bá oko kòkó Akíndèjì, ó ṣa èyí tó ń dán, tí kòkòrò kò fẹnu kàn, ó sá a gbẹ, ó fi í ránṣẹ́. Kò fọ̀ ọ́, nítorí ó gbà pé omi a máa fọ agbára ewé lọ. Bísọ́lá náà kò fọ̀ ọ́, nítorí Bàbá ní òun ti tọ́jú rẹ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sin kòkòrò àrùn tó máa ń mú egbò kẹ̀ sínú abọ́ pẹlẹbẹ, wọ́n sì gbé bébà kékeré tí wọ́n ti rẹ sínú omi ewé lé e. Ibi tí kòkòrò bá ti kú a mọ́ yí bébà náà ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi tó mọ́ náà fẹ̀ ju ìdérí ìgò lọ! Godwin, ọ̀gá Bísọ́lá, ní kó fi ewé ibòmíràn tún un ṣe kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá fi ìkánjú lá ọbẹ̀, ahọ́n ló fi ń jóná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní pe bàbá rẹ̀? Bísọ́lá pè é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ sì pariwo halelúyà. Bó ṣe ń bọ̀, ó yà sílé Safinat.

"Wọ́n ti fi ẹ̀rọ wò ó," ló wí. "Jókòó sílé jàre, yé da ara rẹ láàmú lọ sí Ìkàrẹ́."

Safinat fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá tó bí i. Ó jókòó sílé, ewé nìkan ló sì ń fi sójú egbò náà.

Bísọ́lá wá já ewé ní Etíòro, ó já òmíràn ní Ẹ̀pinmì, ó tún iṣẹ́ náà ṣe. Ibi tó mọ́ kò ju èékánná ìka kékeré lọ. Ó wọkọ̀, ó di Ọ̀kà.

"Bàbá, níbo lẹ ti já ti àkọ́kọ́?"

"Ẹ̀bá oko kòkó Akíndèjì ni," ni Bàbá fẹ̀rín dáhùn. "Ewé tó mọ́ tónítóní, kòkòrò kan kò..."

Òun náà ti gbin kòkó rí. Ó mọ òògùn tí wọ́n ń fín sí i lásìkò òjò kó má baà jẹrà, kí kòkòrò má sì jẹ ẹ́, ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ máa ń gbé e dà sórí igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Òògùn kòkó lẹ rí nínú abọ́ yín," ló wí.

"Ewé náà ń ṣiṣẹ́, Bàbá, àmọ́ díẹ̀ ni. Ó lè tó fún ojú àdá. Kò tó fún..."

"Safinat!" Bàbá ti dìde.

Nígbà tí wọ́n fi dé ilé Safinat, egbò náà ti ń rùn. Safinat fi ìró bò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Yóò jiná, Bàbá. Ṣebí ẹ̀rọ ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rọ kò sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú un dé Ìkàrẹ́. Àwọn ará Ọ̀kà kún ìjókòó ilé ìwòsàn, wọ́n ń kí alàgbà wọn lọ́tùn-ún lósì. Nọ́ọ̀sì tú egbò náà, inú bí i.

"Ta ló ní kí ẹ má wá mọ́?"

"Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráàyè," ni Safinat yára dáhùn. Kò wo ojú Bàbá.

Ìtìjú bo Bàbá, ó ṣe é bíi kó jẹ́ kí irọ́ náà kọjá bẹ́ẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa nítorí mi," ló wí, ohùn rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn ilé. "Èmi Zacchaeus ni mo ní kó má wá mọ́."

Nọ́ọ̀sì nawọ́ mú òwú. "Ó kù díẹ̀ kí egbò yìí kọjá àtúnṣe. Ẹ bá mi di ẹsẹ̀ náà mú, Bàbá."

Bàbá kúnlẹ̀, ó sì dì í mú títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán.