Bí Mo Ṣe Gbé Orin Wálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Búrẹ́dì ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ní Kofar Kware, èmi sì ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ṣùgbọ́n Sókótó la dàgbà sí. "Mai burodi" ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é. Bó bá dá wọn lóhùn láti ẹnu ààrò, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ níbẹ̀ máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀, nítorí èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ sì nípọn.

Ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa àtijọ́ ló rí ohun tí ohùn yẹn lè ṣe. Bàbá náà ní ìwé orin kan tí èèpo rẹ̀ ti já, orin mẹ́rin tí àgbà olórin ará Jámánì kan kọ nígbà tí òun náà ti ń sún mọ́ ikú, fún ohùn ìsàlẹ̀ àti dùùrù. Ẹnì kan ló ń kọ ọ́, ẹnì kan ló ń tẹ dùùrù, ó parí. Ó fi pẹ́ńsù kọ bí a ó ṣe máa pe ọ̀rọ̀ Jámánì náà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kíkọ, ó kọ́ èmi ní títẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó padà sílé, ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún wa.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ni wá lára, nítorí ọ̀rọ̀ Bíbélì ni. Ìwé Oníwàásù la ṣí fún méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta, a wá a láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn, a ò rí i. Bàbá ní inú ìwé kan tí kò sí nínú Bíbélì tiwa ló wà. Ikú ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, pé ó korò fún ẹni tí ayé dẹ̀ fún, ó sì dára fún ẹni tó ti rẹ̀. Ìkẹrin ni ti ìfẹ́, láti inú lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ibẹ̀ sì ni ohùn ti gòkè jù lọ. Ohùn òkè kan yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń yẹ ara rẹ̀ wò. "Ọjọ́ tí mi ò bá gbé e mọ́," ó máa ń wí, "kí ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí ìsìn bá parí, àwa méjèèjì á dúró sẹ́yìn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ akọrin á máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà pé orin òkú àwọn òyìnbó tún ti bẹ̀rẹ̀. Èmi á ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Nígbà ọyẹ́ ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ta ni ohùn rẹ̀ kì í há ní Sókótó nígbà ọyẹ́? Eruku là ń mí sínú. "Mura ne," àwọn oníbàárà ń wí, pé òtútù lásán ni, wọ́n ń júwe atalẹ̀ àti oyin fún un. Ọyẹ́ lọ, ooru dé, ohùn ò là. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan ó na ọwọ́ sí ohùn òkè náà, kò bà á. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo wo ojú rẹ̀. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá wa kú, mi ò sì rí i kí ẹ̀rù bà á rí. Ọkàn mi ò gbà á.

Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ní bọ́tìnì kan. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orin á wálẹ̀ díẹ̀, ìka rẹ ò ní kúrò níbi tó máa ń wà, ẹni tó ń kọrin ò sì ní rí nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, kí ó tó wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orin kẹrin, ó dé òkè, ó bà á. Ó lu bẹ́ǹṣì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o gbọ́? Mo ní mura lásán ni!"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, inú mi dùn gan-an, mo tún rò pé ọgbọ́n ń bẹ lórí mi. Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹrin tí mò ń tẹ bọ́tìnì náà lọ́jọ́ Ìsinmi kan ṣoṣo kí ohùn rẹ̀ tó lè bá orin náà.

Ìyàwó rẹ̀ ò mọ orin, ṣùgbọ́n ó mọ ọkọ rẹ̀. Ó rí i pé omi ló fi ń ti òkèlè sọ̀kalẹ̀ lọ́fun. Ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ rí dókítà, ìdáhùn kan náà ló ń gbọ́: "Bi àbúrò mi. Ṣé ohùn òkè mi ti sọ nù?" Ló bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, orí oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, mo ti di irun rẹ̀ dé ìdajì. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ohùn bàbá àwọn ọmọ, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ṣì ń gbé e dókè?"

"Wọ́n ń gbé e."

"Bó ṣe wà látijọ́?"

"Bó ṣe wà látijọ́."

Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ. Ó ṣe mí bíi kí n sáré tẹ̀ lé e. Dípò bẹ́ẹ̀ mo fa irun tó wà lọ́wọ́ mi débi tí oníbàárà fi ké "Wayyo!" Mo ti parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi fún ọ̀pọ̀ oṣù, ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mo bá lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu, àìsàn náà á di òótọ́.

Iná mànàmáná ló tú mi fó. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. A ń parí orin kẹta nígbà tí wọ́n múná lọ, kò pẹ́ wọ́n dá a padà. Bí iná bá lọ, kíbọ́ọ̀dù yẹn máa ń gbàgbé gbogbo ohun tí a tẹ̀ sí i. Èmi náà gbàgbé. Mo bẹ̀rẹ̀ orin kẹrin níbi tí ẹni tó kọ ọ́ fi í sí, ẹ̀gbọ́n mi sì gun òkè tọ̀ ọ́ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ohùn rẹ̀ ya. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tó mú un kúrò.

"Mo gbé e lọ́sẹ̀ tó kọjá," ó ń wí. "O wà níbẹ̀. Mo gbé e."

Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la mú un lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ki ẹ̀rọ bọ ọ́ lọ́fun tí wọ́n sì yàwòrán, dókítà fi Hausa bi í pé ìgbà wo ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, pé mura lásán ni ti tẹ́lẹ̀. Dókítà wo àwòrán, ó tún wò ó.

"Bàbá, ẹ rántí dáadáa."

"Dókítà, mi ò ní parọ́ fún yín."

Nígbà náà ni mo la ẹnu. Mo ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Mo ní èmi ni mò ń gbé orin wálẹ̀ fún wọn, wọn ò mọ̀. Mo ṣàlàyé bọ́tìnì. Dókítà ò lóye ọ̀rọ̀ orin, oṣù mẹ́jọ ló kọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lóye. Ó ń wo ọwọ́ mi tó wà lórí itan mi, kò wo ojú mi. Dókítà wá rọra sọ pé ká ní wọ́n tètè dé ni, ìtọ́jú tí kì í gba ohùn lọ́wọ́ èèyàn wà. Èyí tó kù báyìí ni kí wọ́n gé àpótí ohùn náà kúrò kí ẹ̀mí lè dúró.

Wọ́n gé e. Ihò kan wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ibẹ̀ ló ń gbà mí èémí. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún ó kọ̀wé sí mi pé òun ò bínú, pé inú rere ni mo fi ṣe é. Mo sunkún bí ọmọdé. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo jáde síta láti nu ojú. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ aṣọ pélébé tó fi ń bo ihò ọrùn ọkọ rẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ tí a ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Ó fún aṣọ náà, ó sá a sórí okùn.

"Ọkọ mi," ó wí, kò sì gbé ohùn sókè, "ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín."

Ó gbé garawa rẹ̀, ó sì wọlé lọ bá a.