Òwú Inú Agbọ̀n Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga dé ìdajì òfì Ìyá àgbà, mo rò pé kò sí aṣọ kan láyé tí wọn kì í bi ọmọdé léèrè kí wọ́n tó hun ún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí nílé wa nìyẹn. Mo mọ̀ pé mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń pe ọmọdé jọ láti sọ ìtàn ìgbà èwe, irùngbọ̀n mi kò tíì ní funfun kan. Àmọ́ àwọn àgbà tó yẹ kó sọ èyí fún yín ti lọ tán, ẹni tó sì gbẹ̀yìn nínú wọn, èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lápá ibi tí àwọn àpáta Dásà ti gorí ara wọn bí ìkòkò tí a dojú wọn délẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi. Òfì wọn dúró gbọọrọ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, irú èyí tí àwọn obìnrin ń lò, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá, aṣọ tó fẹ̀ tó sì nípọn, tí àgbẹ̀ ń ró lọ sóko, tí ìyá ń fi pọn ọmọ, tí wọ́n sì fi ń di òkú. Ẹ̀yìn ilé ni òwú náà ti ń hù. Àwa ọmọ là ń ká a, là ń yọ kóró rẹ̀, Ìyá àgbà ló ń ran án. Wọn á jókòó, wọn á na ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọn á máa fi ọwọ́ yí igi ìrànwú lórí itan, òwú á sì máa yọ láàárín ìka wọn bí ọ̀rọ̀ tí kì í tán lẹ́nu.

Ohun kan wà tí Ìyá àgbà kò jẹ́ fi ṣeré. Gbogbo aṣọ tó bá kúrò lórí òfì yẹn gbọ́dọ̀ ní ìlà kan tí oníbàárà kò béèrè. Ẹ lè sọ pé dúdú àti funfun lẹ fẹ́. Ẹ óò gba dúdú àti funfun yín, ẹ óò sì gba ìlà kan lé e, tó jẹ́ ti ẹni tó hun aṣọ. Ìlà ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òwú méjì ni wọ́n ń pa pọ̀ fi hun ún kó lè yọ sókè díẹ̀, kí afọ́jú pàápàá lè fọwọ́ bà á. Èmi ni wọ́n sì máa ń ní kí n yan àwọ̀ rẹ̀.

Mo rántí obìnrin kan tó ń ta iṣu ní Glàzúè, tó wá gba aṣọ tó fẹ́ fi pọn ọmọ. Ó tú aṣọ náà, ó rí ìlà pupa kan létí rẹ̀.

"Ìyá, ta ló ní kí ẹ fi pupa sí aṣọ mi?"

"Ọkọ mi ni." Ìyá àgbà fi ẹnu júwe mi.

"Ọkọ yín yìí? Èyí tí ikun ń ṣàn nímú ẹ̀?"

"Òun náà ni. Bí o bá fẹ́ kí n tú u, òun ni kó o lọ bẹ̀."

Obìnrin náà wò mí, ó wo aṣọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fa iṣu kan yọ nínú ẹrù rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní ọkọ tó bá ń pàṣẹ nílé gbọ́dọ̀ yó. Díẹ̀ ló kù kí iṣu náà wúwo jù mí lọ. Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ náà, kò sí iṣẹ́ kan tí mo ṣe tí inú mi tún dùn tó bẹ́ẹ̀.

Mo lọ síléèwé, mo gba sẹ́tífíkà, mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ni mo lò níbẹ̀. Òfì ni ọwọ́ mi ń fẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tí à ń pè ní zẹ́mì, bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé, wọn á fún fèrè, wọn á ké pé, "Ìyàwó Ìyá àgbà! Ṣé ọbẹ̀ ti jinná?" torí pé òfì tó ń dúró, iṣẹ́ obìnrin ni lọ́dọ̀ wa. Kò dùn mí. Bí mo bá ti ń pa àwọ̀ pọ̀, etí mi kì í gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré sí mi ò ní mọ àṣà tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú agboolé wa, obìnrin tó bá ti ń dàgbà á bẹ̀rẹ̀ sí í ran òwú aṣọ tí wọn yóò fi sin ín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ran án, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ hun ún. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò hun ún. Agbọ̀n ti Ìyá àgbà wà lókè àjà yàrá wọn, wọ́n fi okùn so ó rọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, wọn á fi ìdì òwú kan kún un. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, wọ́n pè mí jókòó.

"Ọkọ mi, ìwọ lo máa hun tèmi. Mi ò ní bá ọ yan àwọ̀ ìlà rẹ̀ o. Èyí tó bá wù ọ́ ni kó o fi sí i."

Mo ní mo gbọ́.

Madáàmù kan láti Kútọnú ló yí ọ̀nà mi padà, ṣùgbọ́n mi ò lè di ẹ̀ṣẹ̀ yìí rù ú. Ó bá àwọn tó ń wá gbàdúrà níbi ihò Màríà, ihò àpáta tí àwọn Kátólíìkì gbé ère rẹ̀ sí, nínú oṣù kẹjọ dé Dásà, ó rí aṣọ mi, ó ra méjì. Kò pẹ́, ó padà wá pẹ̀lú kòmáǹdì, iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún mi: kí n hun aṣọ tí wọ́n á fi rán àpò tí obìnrin ń gbé kọ́ èjìká. Mo ṣe é. Mo fi ìlà ayọ̀ sí gbogbo rẹ̀, kò sí méjì tí àwọ̀ wọn jọra. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fajú ro.

"Àbúrò, kí ni àpá yìí?"

"Kì í ṣe àpá, madáàmù. Ìlà ayọ̀ ni."

"Ayọ̀ ta ni?"

Ó ní àwọn oníbàárà òun ti rí fótò, ohun tó wà nínú fótò ni wọ́n ń retí. "Fi ayọ̀ rẹ sí tìrẹ. Tèmi, kó jọra bí ẹyin adìẹ."

Ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo tún wọn hun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúkú burú, bí òwò tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn, òwò náà ló sì jẹ́ kí n fi páànù bo ilé wa, kí n máa ra oògùn ojú àti ẹran fún Ìyá àgbà. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ Sátidé ni màá máa hun tèmi. Sátidé àkọ́kọ́, mo hun ún. Èkejì, iṣẹ́ madáàmù ò tíì tán. Lẹ́yìn náà, mi ò rántí Sátidé mọ́. Èyí tí mi ò mọ̀ ni pé ọwọ́ máa ń gbàgbé. Mo yọ ìlà kúrò nínú tirẹ̀, nígbà tó yá, mi ò fi sí ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọdún kan, madáàmù ní òwú tí a fọwọ́ ran lòun fẹ́ nísinsìnyí. Àwọn òyìnbó ti wà tó fẹ́ fọwọ́ pa aṣọ kó há wọn lọ́wọ́. "O ní i?" Kí n tó ronú, mo ti ní mo ní i. Bí mo bá sọ pé mi ò ní i, yóò wá ẹlòmíràn lọ. Mo wá òwú náà káàkiri. Mo gun zẹ́mì dé Àkìlámpà lọ bá arúgbó kan tí wọ́n ní ó ṣì ń ran òwú. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, àwọn ìka ti ká kò. "Ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí ti kú ṣáájú mi," ó sì rẹ́rìn-ín. Oṣù kẹjọ tí madáàmù máa wá kó iṣẹ́ ti ń bọ̀. Mo padà sílé, mo gbójú sókè àjà.

Ìyá àgbà lọ sí Máàsì àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyá mi ló fà wọ́n lọ́wọ́. Mo tú okùn, mo sọ agbọ̀n kalẹ̀. Mo lè ka ọjọ́ orí wọn lára òwú náà. Àwọn ìdì ìsàlẹ̀ gún régé, tó bá kù díẹ̀ kó dókè, òwú á tín-ín-rín, á wú, á tún tín-ín-rín, kókó á pọ̀ níbi tó ti já tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n so ó. Mo sọ pé màá gbin òwú, màá wá ẹni tí yóò ran án, màá dá a padà kí wọ́n tó mọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, bí mo ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi apasá, pátákó tí a fi ń gbá òwú mọ́ra, lu iṣẹ́ náà, ohùn Ìyá àgbà dún láti orí ẹní wọn.

"Òwú mi lò ń gbá yẹn?"

Òwú ọwọ́ kì í dún bí òwú ọjà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ibi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà."

"Háà! Má kánjú o. Mi ò tíì dá ọjọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Àwọ̀ wo lo fẹ́ fi ṣe ìlà?"

"Pupa."

"Pupa ìyá oníṣu yẹn!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀. Mo ti mọ̀."

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí a fa ẹní àwọn sún mọ́ òfì. Bí ẹnikẹ́ni bá yà kí wọn, wọn á ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ọkọ mi ń kọ́ ilé mi." Aṣọ àpò madáàmù ni èmi ń fi òwú wọn hun, mò ń gé e, mò ń ká a. Ọ̀kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Madáàmù wá, ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Èyí gan-an ni," ó kó o lọ.

Ó wá ku aṣọ tí mo ṣèlérí. Mo lọ sọ́jà, mo ra òwú, mo hun ún kíákíá. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi hun ún, Ìyá àgbà kò béèrè nǹkan kan láti orí ẹní. Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo ká a, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, mo ní, "Ìyá àgbà, ó ti parí."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì pa á láti etí kan dé èkejì. Ìka wọn lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Wọ́n ń wá kókó. Kò sí kókó kankan.

"Ìlà náà ńkọ́?"

Mo di ìka wọn mú, mo gbé e lé orí pupa náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mi ò pa òwú rẹ̀ pọ̀ ní méjì. Ó tẹ́jú bí ìyókù.

"Aṣọ ta ni èyí?"

"Tiyín ni, Ìyá àgbà."

"Ó dára. O ṣeun, ọkọ mi. Ìyà jẹ ọ́ lórí ẹ̀."

Wọn ò béèrè agbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n lọ. Nígbà tí a fẹ́ dì wọ́n, mo gbé aṣọ náà wá. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n mú ògbólógbòó kíjìpá Ìyá àgbà jáde, èyí tí wọ́n ń ró lọ síbi ìkórè, tí wọ́n ti lẹ̀ lójú mẹ́ta. Òun ni a fi dì wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ìyá mi gbé tèmi lé mi lọ́wọ́. Wọn ò wo ojú mi.

"Ìyá àgbà ní kí n dá a padà fún ọ. Wọ́n ní òtútù lè mú ọ."

Lóṣù kẹjọ tó kọjá, mo wà lójú ọ̀nà ihò Màríà, mo rí obìnrin kan tó gbé ọ̀kan nínú àwọn àpò náà kọ́ èjìká. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé e láàárín èrò. Mo rí kókó kan létí àpò náà, níbi tí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ti so òwú tó já. Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́. Obìnrin náà yí padà wìrì, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra.

"Kí lò ń wá lára mi?"

Àwọn èèyàn yíjú sí wa. Mo ní kó dákun, mo ṣi èèyàn mú ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Owó rẹ̀ ló fi ra á.

Ayé ti yàtọ̀. Ẹ̀yìn ilé wa kò ní òwú mọ́, ẹ̀gẹ́ la gbìn síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ran án láti ibí dé Glàzúè, ká má tilẹ̀ mẹ́nu kan Àkìlámpà. Àwọn zẹ́mì kì í bú mi mọ́, wọ́n ń pè mí ní patíróòǹ, ọ̀gá. Kòmáǹdì ń wọlé lórí pọ́tábù, fóònù alágbèéká mi, ẹnikẹ́ni kì í bi ọmọdé léèrè ohunkóhun. Nígbà mìíràn mo máa ń pa òwú pọ̀ ní méjì, mo máa ń mú àwọ̀ tó wù mí, mo máa ń fi ìlà náà sí i. Bí mo bá ti wò ó, màá tú u. Kò dà bí ìlà ayọ̀. Ó dà bí àṣìṣe.

Aṣọ tí wọ́n dá padà fún mi, òun ni mò ń fi bora nígbà ọyẹ́. Mo máa ń di ojú mi, màá fi ìka wá ìlà pupa náà láti etí dé etí, bí wọ́n ṣe wá a. Mi ò rí i.