Òkúta Tí Bàbá Mi Fi Ń Dán Táyà Wò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀, kò sí awakọ̀ kan ládùúgbò wa tó ń wo ojú táyà lásán kó tó gbéra. Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú lásán máa ń tan èèyàn jẹ. Bàbá mi tó ń wa lọ́rì ní òkúta kan, irú èyí tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Yóò fi ha táyà dáadáa, yóò sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí rọ́bà bá ṣì lágbára, ọwọ́ á kàn dúdú díẹ̀ ni. Bó bá ti kú, á máa já sílẹ̀ bí ẹ̀rún búrẹ́dì. Bàbá mi a ní, "Bí òkúta ṣe ń jẹ ẹ́ yìí ni títì náà á ṣe jẹ ẹ́."

Àárọ̀ kùtù ni gbogbo wọn máa ń ṣe é, kí èrò tó dé. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rò ó wò pé táyà kì í tutù mọ́ tó bá ti dójú títì.

Ìyá mi nìkan ló rò ó. Obì ló ń tà, ọkọ̀ bàbá mi ló sì fẹ́ bá lọ sí Èkó. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá mi ha táyà, ọwọ́ rẹ̀ kàn dúdú díẹ̀ ni, ẹ̀rún kankan kò já.

Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kóòrùn ràn ná, kẹ́ ẹ tún un ha. Ọ̀sán lẹ máa wà lójú títì o."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé oòrùn ló máa wa ọkọ̀ ni?"

Èrò rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì gòkè jókòó.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá mi fẹsẹ̀ rìn wọlé, gèlè ìyá mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi kò bá a dé. Táyà iwájú ló bẹ́ nínú oòrùn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń ha rọ́bà nílé iṣẹ́ báyìí, tí wọ́n á wá wọn èyí tó ha kúrò lára rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni táyà tí ọmọ ọmọ mi rà ní Ìbàfò, wọ́n sì ti fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ojú tuntun sí i lára. Lọ́sàn-án òní, kó tó gbéra lọ sí Èkó, mo fi òkúta bàbá mi ha á.

Ó ní, "Màmá àgbà, ẹ má dààmú jàre. Ayé àtijọ́ kọ́ nìyí."

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi tí ẹ̀rún rọ́bà kún sí i kó wò ó. Ó ti ṣáná sí ọkọ̀, ó sì lọ.

Mo ṣì jókòó síwájú ilé, ẹ̀rún dúdú yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò.