Ọtí Ilẹ̀ Mẹ́ta Nínú Ìkòkò Kan

Bí wọ́n bá ní kí a ka àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ìwó, orí Àgbékẹ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń sọ ìgbà tí ọtí bá tó. Ògúntóyè ọkọ rẹ̀ ni. Láàárọ̀, yóò bu díẹ̀, yóò lá ètè, yóò ní, "Ó tó."

Ògúntóyè kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ìrántí rẹ̀ ń bọ̀, Àgbékẹ́ pọn ọtí tí wọ́n ó ta sílẹ̀ lójú oórì. Ó de ìkòkò, kò wá lè ṣí i mọ́. Ilẹ̀ á mọ́, á máa wo ìdérí bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀ wá tọ́ ọ wò. Ìgbà tó fi ṣí i, ó ti kan gógó. Ó lọ dà á sẹ́yìn ilé.

Múyìíwá ọmọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù lókè òkun, ti gbé bíà wálé lọ́sẹ̀ náà.

"Màámi, ti Ireland ló dúdú yìí, wọ́n ń yan ọkà rẹ̀ títí á fi dà bí èédú. Ti Jámánì, àlìkámà ni, ó ń rú bí omi ògì. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m máa ń jẹ́ kí tiwọn kan ni, á pẹ́ nínú àgbá igi. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ tọ́ wọn wò. Mo ti sọ fún àwọn tó pọn wọ́n pé ìyá mi náà ń pọntí."

"Ó dáa, ọkọ mi," ni Àgbékẹ́ wí. Lójú tirẹ̀, bíà ni bíà.

Lọ́jọ́ ìrántí, bí Múyìíwá ti lọ gbálẹ̀ ojú oórì, ìyá rẹ̀ ṣí gbogbo ìgò náà, ó dà wọ́n pọ̀ sínú ìkòkò, ó po ṣúgà mọ́ ọn kó lè dà bí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́.

Bàbá Ṣàngóbùnmi, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló kọ́kọ́ gba igbá. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé igbá náà kalẹ̀.

"Ìyàwó, ta ló pọn eléyìí?"

"Èmi ni, bàbá."

"Àbí ẹsẹ̀ lo fi pọn tọdún yìí ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Múyìíwá wo inú igbá, ó wo ojú ìyá rẹ̀.

Àgbékẹ́ ń wá ibi tí yóò gbé ojú sí. Ìyàwó ilé kan ti da ọtí bàbà mọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí Àgbékẹ́ pọn rí kó lè pọ̀. Bó ṣe bínú nígbà náà! Ó ní wọ́n ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́. Òun náà ló wá ba tàwọn tí kò mọ̀ rí jẹ́ yìí, tó tún fẹ́ ta á sílẹ̀ fún òkú ní orúkọ ara rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. "Irọ́ ni mo pa, bàbá. Tèmi ti kan. Bíà tọ́mọ gbé wá ni mo dà pọ̀."

"Èyí tó kan náà dà?"

"Mo ti dà á nù."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Òun là bá fún un. Ọwọ́ rẹ ló mọ̀."

Omi ni wọ́n ta sílẹ̀ fún Ògúntóyè.

Nígbà tí wọ́n túká, Múyìíwá ń kó àwọn òfìfo ìgò náà jọ. Ó dorí ọ̀kan kodò sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá ìkán ọtí tó bọ́ síbẹ̀. Ó wu Àgbékẹ́ kó béèrè bóyá ti Bẹ́ljíọ̀m tó máa ń kan nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á.