Òdòdó Etí Ebè Kukumba Mi

Lóko ẹ̀fọ́ wa lábẹ́ wáyà iná ńlá lẹ́yìn ìlú Ìbà, koríko ni ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù. Èèyàn lè jalè kí wọ́n dárí jì í, ṣùgbọ́n bí etí ebè rẹ bá hu koríko, wọ́n á ní ìyá rẹ kò kọ́ ẹ nílé. Nítorí náà, nígbà tí èmi tí n kì í lè sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn gbin òdòdó sí etí ebè kukumba mi, àánú mi ṣe gbogbo wọn.

“Ọmọ yìí, ṣé òdòdó la ó máa sè lọ́bẹ̀ báyìí?” Ìyá Alága tó ń pín ilẹ̀ fún wa ló bi mí.

Mo wolẹ̀. Olùkọ́ tó máa ń wá kọ́ wa níṣẹ́ àgbẹ̀ ló bá mi fèsì pé oyin á tìtorí òdòdó wá, kukumba á sì so dáadáa.

“Ó dáa. Sáà kan péré. Bí mi ò bá rí nǹkan kan, ṣọkọ ni màá gbìn síbẹ̀.”

Jogbo tí òdòdó rẹ̀ jọ oòrùn tanná, ẹfinrin náà tanná. Oyin dé. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ń ṣa kòkòrò jẹ lórí ẹ̀fọ́ gbogbo wa, wọn ò sì béèrè oúnjẹ ọ̀sán. Kukumba bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó ṣì kéré bí ìka ọwọ́.

Ni olùkọ́ bá ránṣẹ́ pé òun ń mú àlejò bọ̀ wá wo òdòdó náà. Ta ló ń gbàlejò sínú igbó? Kí n tó ra omi dé láti Iyana-Ìbà, Ìyá Alága àti àwọn obìnrin yòókù ti fi àdá ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n gé gbogbo òdòdó náà, wọ́n sì gbá ibẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ débi pé èèyàn lè bu ìrẹsì sí i.

Àwọn àlejò dé. “Òdòdó náà ńkọ́?” ni obìnrin kan lára wọn béèrè.

Gbogbo èèyàn wò mí.

“Ó wà lórí tábìlì, mà,” ni mo wí.

Irọ́ kọ́. Wọ́n ti ki èyí tó lẹ́wà jù sínú ike, wọ́n fi ṣe tábìlì àlejò lọ́ṣọ̀ọ́. Oyin náà ti tẹ̀ lé e, wọ́n ń rìn lẹ́nu ìgò mọ́ọ̀tì. Ọ̀gbẹ́ni kan jókòó, ó sì yára dìde ju bó ṣe jókòó lọ.

“Mà, etí ebè ló yẹ kí oyin wọ̀nyí wà,” ni mo tún wí fún Ìyá Alága. Ọ̀rọ̀ mi ti di méjì lọ́jọ́ kan.

Ìyá Alága ń fi gèlè lé oyin. “Gbé òdòdó rẹ kúrò níwájú àlejò mi. Lọ gbìn ín padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.”

“Wọ́n ti gé e, mà.”

“Ṣé jogbo ni wọ́n ń gé tí kì í tún yọ? Sáà kan sí i. Má dà mí láàmú.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gé òdòdó mi, tó tún ṣàánú mi pé kí n lọ gbìn ín.