Àtàǹpàkò Màmá Mi

Máàkì tó kéré jù tí wọ́n fi ń jẹ́ kéèyàn jáde nílé ìwé ní Torino, ní Ítálì, òun ni mo gbà. Síbẹ̀, èmi ni ògbufọ̀ ilé wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ òkúta inú òróǹro màmá mi, mo bá wọn lọ sí ọsibítù, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fẹ́ di ọ̀bẹ mú.

Anestesista, dókítà tó máa kùn wọ́n lóorun, béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn rí. Màmá mi ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Sọ fún un pé kí n tó bí ẹ, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ní Ìbàdàn, mo jí, wọn ò mọ̀. Wọ́n ti yọ rọ́bà tí mo fi ń mí lọ́fun mi. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣàwàdà. Mi ò lè mí dáadáa, mi ò lè gbé ìka kan."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní ká máa lọ sílé, ká tún lọ dúró lórí lista d'attesa, ìwé orúkọ àwọn tó ń retí iṣẹ́ abẹ. Ọlọ́gbọ́n ni mí. Mo kàn ní ẹ̀rù ń bà wọ́n díẹ̀. Dókítà obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Màmá mi wò mí. "Ṣé bí ọ̀rọ̀ mi ṣe kúrú tó nìyẹn ní èdè wọn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ni wọ́n bá ń ti bẹ́ẹ̀dì wọn lọ.

Màmá mi ò juwọ́ sí mi. Ìgbà tí ilẹ̀kùn sala operatoria, yàrá iṣẹ́ abẹ, fẹ́ pa dé ni mo sáré, èmi tí ìgbín ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàtà mi kan bọ́. Mo bá anestesista níbi tó ti ń fọwọ́, mo sọ gbogbo ẹ̀, mo fi ẹkún sí i.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní oògùn tó ń mú gbogbo ara rọ̀ máa ń ṣẹ́kù sára nígbà míì, tí oorun á sì ti dá lójú èèyàn. Òun á so ẹ̀rọ kan mọ́ ọrùn-ọwọ́ wọn, iná díẹ̀ á ta iṣan, àtàǹpàkò á fò lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Tí ìkẹrin ò bá lágbára tó ìkíní, òun ò ní yọ rọ́bà.

Wákàtí kan ni wọ́n dá. Ó di méjì. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Mo jókòó, mò ń ta àtàǹpàkò tèmi.

Nígbà tí wọ́n pè mí, màmá mi ń sùn, wọn ò mì. Nọ́ọ̀sì ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Mi ò gbà á gbọ́. Mo di àtàǹpàkò wọn mú. Ó tutù. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.

"Kí lo padà sọ fún un?" Ohùn wọn ti há.

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ó gùn?"

"Ó gùn, mà."

Títí di ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ti ibiṣẹ́ wọn ní Settimo, ìlú kan nítòsí Torino, dé, tí wọ́n sùn sórí àga, mo máa ń lọ wo àtàǹpàkò yẹn. Èmi alájẹkì, tí kò bá tíì mì, mi ò kì í lè jẹun.