Omi Ọjọ́ Méje

Òórùn símẹ́ńtì tútù ló gba ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkìtìpupa ní òwúrọ̀ tí èmi àti aya mi lò pọ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ tó ṣáájú ni bíríkìlà da kọnkéré sí ilẹ̀ ilé ìdáná tuntun, aya mi sì ti ń fi korobá da omi lé e lórí.

"Ṣé ẹ̀fọ́ lo gbìn síbẹ̀ ni?" mo bi í.

"Tíṣà, ẹ lọ jókòó." Ó rẹ́rìn-ín. "Tó bá yára gbẹ, kò ní lágbára. Ọjọ́ méje la ó fi bomi rin ín."

Òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí a kọ́ ilé wa. Ìwé lèmi mọ̀. Yanrìn etí òkun máa ń wọ̀lú wa láti ọ̀nà Ìlàjẹ. Ó funfun, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ a máa jẹ irin inú kọnkéré. Nítorí náà, bí aya mi bá dé ọ̀dọ̀ oníyanrìn, a fi díẹ̀ sórí ahọ́n, a tọ́ ọ wò, a sì tutọ́ dànù. Ojú a máa tì mí. N ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ń da omi sórí kọnkéré yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé e ṣubú. Kò jí mọ́. Èrò kún ilé, kò sí ẹni tó rántí kọnkéré. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti là láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò.

Nígbà tó kan ibojì rẹ̀ nínú ọgbà ilé, mo sọ fún àwọn ọmọ pé èmi fúnra mi ni n ó ra yanrìn. Ẹ̀rù ń bà mí kí tirẹ̀ náà má là. Oníyanrìn kan lọ́nà Ìkọ̀yà ní òkìtì méjì nílẹ̀. Mo bu díẹ̀ nínú èyí tó funfun sẹ́nu.

"Bàbá, yanrìn rèé o, kì í ṣe gààrí!" Ó tún wò mí dáadáa. "Àbí ẹ̀yin lọkọ màmá tó máa ń tọ́ ọ wò?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó nawọ́ sí òkìtì kejì. "Yanrìn odò nìyẹn. Òun ni màmá máa ń rà."

Iyọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi. N kò lè tu ú dànù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a da kọnkéré ibojì náà, mo gbé korobá rẹ̀, mo fa omi kànga. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ọkùnrin tó bá fẹ́ lágbára gbọ́dọ̀ tètè nu omijé rẹ̀ gbẹ. N kò nu tèmi. Ọjọ́ méje ni mo fi da omi náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé korobá.